Fọ́tò Màmá tí mi ò kọ nǹkan kan sí

Lónìí, mo pa màmá mi láìmọ̀.

Mo jókòó sétí adágún omi Tanghin nílùú wa láàárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oko sàláàdì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ọjà pa nítorí kòrónà, orí fóònù ni mo ń gbé: ìròyìn òkú, àdúrà, òkú míì. Omi náà dákẹ́, ó ń dán bí aṣọ gínì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ọkàn mi bá rọra lọ sọ́dọ̀ Màmá ládùúgbò Gounghin. Ẹ̀rù kí n má kó àìsàn ràn wọ́n ni ò jẹ́ kí n máa lọ kí wọn.

Mo fi fọ́tò wọn sí status, wọ́n wọ funfun. Mi ò kọ nǹkan kan sí i. Mo tún ń wo omi lọ.

Ìgbà tí mo máa padà wo fóònù, "Inna lillahi" ti kún ibẹ̀. Lásìkò yìí, fọ́tò àgbàlagbà tí ò lọ́rọ̀ lábẹ́, òkú ni.

Màmá fúnra wọn pè.

"Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni mo ti kú?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Àárò yín ló sọ mí."

"Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn fáwọn tó wá kí ẹ̀yin ọmọ mi kú aráfẹ́rakù." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọjọ́ ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti kanlẹ̀kùn mi. Barka, o ṣé. Ìwọ nìkan ni mi ò tíì rí."

Mo ti wọ ìbòmú, mo fẹ́ gun alùpùpù mi. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́, fọ́tò ta lẹ ń wò, tílé rẹ̀ ò sì jìnnà?