Igo Omi Òkun fún Ìyá Àgbà

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ kàwé ní Èkó, ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò ní kí n ra búrẹ́dì bọ̀, wọn kò ní kí n ra aṣọ. Igo kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, igo òògùn ikọ́ tí wọ́n ti fi omi gbígbóná ṣàn títí òórùn òògùn fi kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n bu omi òkun sínú rẹ̀ wá fún àwọn.

“Mósè la òkun kọjá,” wọ́n ní. “Ẹja gbé Jónà mì níbẹ̀. Ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi la ń gbọ́ ọ, èmi ò sì tí ì fojú kàn án rí. Wọ́n ní iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi tọ́ ọ wò kí n tó lọ.”

Mo ṣèlérí. Gbogbo agboolé wa ní Òmù-Àrán ló gbọ́ ìlérí náà, torí pé ìyá àgbà kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Owó epo ń ṣàn nílùú nígbà náà. Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, ti di agbaṣẹ́ṣe ńlá ní Èkó, ó ti ra mọ́tò, ó sì ti fẹ́ ìyàwó. Ìjọ wa ló rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ níbẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un títí dòní. Ilé bàbá kékeré ni wọ́n ní kí n máa gbé.

Ní ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nínú ilé, ọkọ ló jẹ́ fún un, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó bàbá kékeré, ìyàwó náà kúnlẹ̀ níwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fún kálukú wa ní orúkọ tí òun yóò máa pè é. Ìbàdíàrán ló pè mí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, ó ní, “Ìbàdíàrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbá pálọ̀.” Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún mi. Nígbà tó yá, “Ìwọ” ló kù. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dé, tí wọ́n bi í pé ta nìyẹn, á ní, “Ará oko ọkọ mi ni. Ìwọ, sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́ èdè yín.” Èmi á sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Èmi ni mo ń pọnmi láàárọ̀, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè kan tó ti gba òróró rí. Èmi ni mo ń wẹ ọmọ, kí n tó sáré lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣùgbọ́n tí a bá ti jáde ní kíláàsì, ìgbà tèmi nìyẹn. Èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan, ọmọ Ìsánlú-Ìsin, a ó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí a tó dé ibi tó yẹ, a ó sì máa wòran. A wo àwọn ilé tó ga débi pé gèlè á fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí wa kí a tó rí òkè wọn. A wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń gbé èèyàn lọ sókè fúnra rẹ̀; a gùn ún, a sọ̀kalẹ̀, a tún gùn ún, títí mẹ́gáàdì fi lé wa jáde. A jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan, a sì gbọ́ bí dùùrù ṣe ń mú àga mì lábẹ́ wa.

Lórí afárá, mo na ọwọ́ sí omi tó tẹ́ lọ salalu. “Òkun nìyí?”

“Ọ̀sà ni,” ọ̀rẹ́ mi ní. “Òkun ṣì wà níwájú. Sátidé la máa ń lọ.”

Ìyàwó bàbá kékeré ló sì ni gbogbo Sátidé mi.

Lọ́jọ́ kan, ó ní, “A ń lọ sí etí òkun lọ́la. Mú igo ìyá àgbà rẹ dání.” Mo kọrin ìyìn ní ìdáná. Mo lọ aṣọ tí mo fi ń gba oúnjẹ Olúwa, òun ni mo wọ̀ lọ.

Nígbà tí a dé, ó gbé mọ́tò sẹ́yìn òkìtì iyanrìn kan tó ga ju orí wa lọ. Wọ́n sọ kúlà tí ohun mímu tútù wà nínú rẹ̀ kalẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bọ́ bàtà. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nígbà tó ní, “Níbo? Dúró ti kúlà. Àwọn ọmọ ìta á jí i gbé.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kàn rí i. Màá sáré padà.”

“Omi ni. Ṣé o ò rí omi rí?”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó gba igo lọ́wọ́ mi, ó gbé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè náà, tí omi tí wọ́n fẹ́ fi ṣan ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gun òkìtì náà lọ. Mo jókòó ti kúlà. Mo ń gbọ́ òkun. Ó ń dún bí ẹni ń da àpò àgbàdo sílẹ̀, tó ń gbá a jọ, tó tún ń dà á. Mo gbọ́ ọ títí oòrùn fi rẹlẹ̀, n kò rí i. Nígbà tí wọ́n padà dé, igo ti kún. “Gbà,” ó ní. “Òkun ìyá àgbà rẹ nìyí.”

Nígbà Kérésìmesì, mo gbé igo náà délé. Ìyá àgbà pe àwọn obìnrin ìjọ, wọ́n pe àwọn ìyàwó ilé, wọ́n jókòó síta. Wọ́n gbàdúrà lé e. Ìyá àgbà tọ́ ọ wò. Wọ́n tún tọ́ ọ wò. Wọ́n wò mí.

“Omi ẹ̀rọ nìyí.”

Mo gbà á, mo fi kan ahọ́n. Kò sí iyọ̀ kankan níbẹ̀. Òróró ló ń rùn lábẹ́nú, òórùn tí mo ń gbé lórí láràárọ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti bù ú.

“Ẹ gbà wá o, iyọ̀ ti tán nínú òkun Èkó!” Àgbà ìyàwó ilé kan ló pariwo bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Olókun ni wọ́n ń pe ìyá àgbà lẹ́yìn, obìnrin tí kò bọ òrìṣà kankan rí láyé rẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ ọ. Wọn kò jókòó síta mọ́ nírọ̀lẹ́.

Mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, “Olúwa, tìrẹ ni ẹ̀san. Ṣùgbọ́n bí o bá ń wá ẹni tí yóò bá ọ gbé e lọ, èmi rèé.”

Lọ́dún tí mo parí ẹ̀kọ́, mo ti ń gbé inú kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìsánlú-Ìsin mú mi lọ sí etí òkun. Mo gun òkìtì iyanrìn kan, mo sì rí i. Ó wá bá mi lẹ́sẹ̀, ó padà, ó tún wá. Mo wólẹ̀ sínú omi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, mo dúpẹ́, mo sì bu omi òkun kún igo òògùn ikọ́ náà.

Nígbà tí mo gbé e délé, nínú yàrá ni ìyá àgbà ti tọ́ ọ wò. Ojú wọn rún pọ̀. “Bíbélì ò purọ́!” Mo ní kí n lọ pe àgbà ìyàwó ilé wá. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. “Dé e. Ẹni tó ni ín ń bọ̀.” Wọ́n gbé e sábẹ́ ibùsùn.

Ọdún díẹ̀ sí i, nǹkan le koko. Iṣẹ́ tán lọ́wọ́ bàbá kékeré, mọ́tò lọ, àwọn èèyàn ń tò fún ọṣẹ àti mílíìkì. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ìjọ ní Òmù-Àrán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìyá àgbà jẹ Ìyá Ìjọ, àwọn ará ilé wá láti ibi gbogbo. Ìyàwó bàbá kékeré wọ ọkọ̀ èrò dé, ọyẹ́ ti fọ́ ọ létè, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìyàwó ilé wà níbẹ̀.

Nílé wa, omi ni ìyàwó tó ti ìrìn àjò dé kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ọkọ, á sì mu ún lórí ìkúnlẹ̀ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni.

“Ta ni yóò fún ìyàwó lómi?” ìyá àgbà ní. “Ọkọ rẹ̀ rèé.”

Mo wọ yàrá. Mo fa igo náà yọ lábẹ́ ibùsùn, mo sì da omi rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù tánńganran. Ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì dà á sẹ́nu gbuuru. Ojú rẹ̀ yọ síta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ìyàwó kì í tu omi sílẹ̀ lójú ìyá ọkọ. Ó gbé e mì.

“Ó níyọ̀ àbí kò níyọ̀?” ìyá àgbà bi í. “Sọ ọ́ sókè.”

“Ó níyọ̀, Mà.”

“Omi ibo ni?”

“Òkun ni, Mà.”

“Èyí tí o fi rán ọmọ mi sí mi ńkọ́?”

Ó dorí kodò. “Omi kẹ́ẹ̀gì ni, Mà.”

Àgbà ìyàwó ilé ọjọ́sí ń wá ibi tí yóò gbé ojú rẹ̀ sí. Ìyá àgbà dìde, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n sì lọ jókòó síta.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó àwọn àlejò lọ wo àwọn ère òkúta ní Ẹ̀sìẹ́. Ìyàwó bàbá kékeré tẹ̀ lé wa. Kò tí ì rí wọn rí. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, mo ní kí ó dúró ti kúlà.

Ó kúnlẹ̀ sínú eruku. “Ìbàdíàrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kàn rí wọn.”

“Òkúta ni,” mo ní. “Ṣé o ò rí òkúta rí?”

Mo wọlé. Mo wo àwọn ère náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, mo sì ń kọrin ọpẹ́ lábẹ́ ohùn.