Bàbá Tààrà àti Àfọ́kù Táìlì

Bàbá mi kì í fẹ́ kí ohunkóhun wọ́. Iṣẹ́ táìlì ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀ débi pé bí a bá lọ kí ènìyàn nílé, kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á ti tún fọ́tò onílé tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣe lára ògiri. Búrẹ́dì tí a gé sínú àwo, wọ́n á tò ó kó dọ́gba kí wọ́n tó fi kan ẹnu. Bàtà ẹnu ọ̀nà wa máa ń tò lọ bíi ti sójà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ wọ́n ní Bàbá Tààrà. Èmi ọmọ wọn, tí mo fẹ́ràn wọn bí ojú, ni mo máa ń yọ́ lọ yí bàtà kan sódì, tí màá wá sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n máa retí ohun tí wọ́n máa ṣe.

"Ìwọ oníyọnu yìí," wọ́n á ní, láìtiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, "jáde níbẹ̀."

Ní ọdún tó kọjá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìwà kan tí kò yé wa. Táìlì tó bá fọ́ níbi iṣẹ́, tí àwọn yòókù ń dà nù, wọ́n ń kó o bọ̀ wálé: aláwọ̀ ewé, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, aláwọ̀ búlúù tó ń dán bí ojú omi. Ó kún àpò kan, ó kún òmíràn, títí Màmá mi fi ń fẹ̀gbẹ́ rìn kí wọ́n tó dé ìdí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Nígbà tí a bi Bàbá léèrè, wọ́n kọ́kọ́ wolẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí agolo ṣúgà.

"Mo fẹ́ fi ya àwòrán sára ògiri ẹ̀yìnkùlé ni," wọ́n ní. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ilé onílé ni mò ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bí onílé bá sì ṣe fẹ́ ẹ ni mò ń tò ó. Mo fẹ́ ṣe ọ̀kan tó jẹ́ pé láti inú tèmi ló ti wá."

Adìyẹ wa ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Wọ́n gé gbogbo àfọ́kù tí wọ́n fẹ́ lò ní igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ta okùn ìwọ̀n, wọ́n gbé ìwọ̀n olómi tí wọ́n ń pè ní lẹ́fẹ́lì lé ẹ̀yìn adìyẹ, wọ́n gbé e lé ìrù. Ìgbà tí wọ́n parí, wọ́n pè wá. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀.

"Bàbá, ṣé ó ń gba ìròyìn?"

"Kí ló ń gba ìròyìn?"

"Rédíò yìí."

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Àmọ́ bí ẹ̀rín náà ṣe ń tán lẹ́nu wọn, ni ojú wọn bọ́ sára àwọn àpò.

"Olówó orí mi," wọ́n ní, "màmá mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wá bá ẹ̀yìnkùlé mi bí ààtàn. Ẹ kó àfọ́kù yìí dà nù."

Bàbá bẹ̀bẹ̀, Màmá ò gbà. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Níkẹyìn wọ́n ṣàdéhùn. Bàbá á ha rédíò kúrò lára ògiri, wọ́n á ya nǹkan mìíràn síbẹ̀. Bí Ìyá àgbà bá dé, tí wọ́n wò ó, tí wọ́n sì mọ ohun tó jẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn, àwọn àpò dúró. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ akólẹ̀ ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ, Bàbá ò sì gbọdọ̀ kó àfọ́kù wọlé mọ́ láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá bàbá mi ro ẹjọ́ yìí. Ìyá àgbà tí à ń wí yìí, wọn kì í yin ènìyàn. Nígbà tí Bàbá wá tọrọ ọmọ wọn, èsì tí wọ́n fún wọn ni pé, "Kò burú náà."

Mo rí i pé ọ̀ràn ti dójú ẹ̀. Mo gbé lẹ́fẹ́lì, mo ká okùn ìwọ̀n, mo kó méjèèjì sínú ìkòkò ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn.

"Lẹ́fẹ́lì mi dà?" Bàbá ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ìwọ ọmọ yìí, lẹ́fẹ́lì mi dà?"

"Bàbá, ṣé adìyẹ máa ń wá lẹ́fẹ́lì kó tó gbé ìrù sókè ni?"

Wọ́n ya ẹnu láti bú mi, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n dojú korobá délẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì ń wo adìyẹ wa tó ń jẹ̀ kiri. Wọn ò lẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀: Bàbá tí kì í lè jókòó kí ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wo aṣọ lórí okùn, wọ́n á máa wo Màmá tí ń wọlé tí ń jáde nídìí ìdáná.

"Ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Mò ń wòran ni," wọ́n ní jẹ́jẹ́. "Àṣé mo ti ń gba ibí yìí kọjá láti ọjọ́ yìí, mi ò wò ó rí."

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀mú lásán ni wọ́n fi ń ṣẹ́ àfọ́kù náà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ tó wọ́, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún un lẹ̀, wọ́n ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń jalè. Kò pẹ́ tí ara wọn fi balẹ̀, orin bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò fi sílẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ṣì ń fi èèkù irinṣẹ́ kan táìlì kọ̀ọ̀kan kó-kó-kó, kí wọ́n gbọ́ bóyá òfìfo wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣíwọ́, wọ́n á fi ọ̀rá ńlá bo ògiri. Màmá ń yan kọjá, wọ́n ń ní, "Èmi tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ wò ó."

Èmi ni mò ń po sìmẹ́ńtì, torí náà èmi rí i. Ènìyàn ni, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yé mi.

"Bàbá, ẹ ti gbàgbé ẹsẹ̀ kan o. Ṣé táìlì ló tán ni?"

"Po sìmẹ́ńtì rẹ."

Ìyá àgbà dé. Wọn ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí wọ́n ti rí eruku lójú fèrèsé, tí wọ́n sì ti rí i pé mo rù. Màmá mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé, Màmá fúnra wọn wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ìdáná. Bàbá ká ọ̀rá kúrò. Búlúù lóríṣiríṣi ni aṣọ ara obìnrin tó wà lára ògiri náà, kò sí àfọ́kù kan tó dọ́gba pẹ̀lú ìkejì, aṣọ náà sì dà bí èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́.

"Màmá, kí lẹ rí?" ni Màmá mi bi wọ́n.

Ìyá àgbà sún mọ́ ògiri, wọ́n ti awò ojú wọn sókè. Bàbá ń ká ọ̀rá ọwọ́ wọn, wọ́n tún ń tú u.

Àfi pàá! Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n nàka sí ògiri.

"Ìwọ ọmọ yìí! Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún ẹ pé bí o bá dúró sídìí iná, kí o yé fi ẹsẹ̀ kan gun èkejì lórí! O ò gbọ́, o wá gbé e délé ọkọ!"

Ògiri ni wọ́n ń bá wí o. Bàbá yíjú sẹ́nu ilẹ̀kùn, èmi náà yíjú. Màmá mi dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn gun tòsì lórí bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Màmá náà wolẹ̀. Kíá ni wọ́n sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

"Èmi? Ṣé bí mo ṣe máa ń dúró nìyẹn?"

"Lójoojúmọ́," ni Bàbá wí.

Mo pariwo, mo fò mọ́ Bàbá lọ́rùn. Bàbá Tààrà bẹ̀rẹ̀ sí jó, ijó náà sì wọ́ kọjá bó ṣe yẹ, ó fẹ́ẹ̀ gbé wọn kọ lu okùn aṣọ. Ìyá àgbà ní ìgbọ̀nwọ́ òsì yẹn gùn díẹ̀, àmọ́ wọn ò kúrò nídìí ògiri. Wọ́n ń fi ìka tọ aṣọ búlúù náà láti òkè délẹ̀.

Màmá mi wo ara wọn lára ògiri títí, wọ́n lọ gbá ọrùn àpò kan mú, wọ́n sì ń wọ́ ọ bọ̀ sábẹ́ òrùlé.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?" ni mo bi wọ́n.

"Mò ń gbé e kúrò lọ́nà òjò."

"Táìlì? Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ sí ilé ìwẹ̀?"

"Mo ní mi ò fẹ́ kí òjò pa á. Ṣé o máa wá bá mi gbé ìdí ẹ̀ ni, àbí o máa dúró síbẹ̀ kí o máa wò mí?"

Kí n tó débẹ̀, Bàbá ti gbé e.