Ámúpù Ọ̀gá Mi Tí Mo Sá Sóòrùn

Mo rántí ọyẹ́ ọdún tí mo sá ámúpù gìtá sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná. Ámúpù ni ẹ̀rọ tó máa ń gba ohùn gìtá, tí á sọ ọ́ di ńlá. Ti ayé àtijọ́ ni èyí tí mò ń wí, gílóòbù ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ óò rí wọn níbi tí wọ́n tò sí, tí wọ́n pọ́n bí ẹyin iná tí eérú bò. Bí wọn kò bá tíì gbóná, ẹ ta gìtá títí, ẹ̀rọ náà kò ní dá yín lóhùn. Èmi tí ìwé mẹ́fà ni mo kà wá ronú pé bó bá jẹ́ ooru ló ń fẹ́, kí ló dé tí à ń sun bẹntiróòlù nínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí oòrùn Ọlọ́run wà lókè? Ṣebí ooru ni ooru ń jẹ́. Mo gbé e sí àgbàlá ilé wa ní Ayégbajú, mo yọ pákó ẹ̀yìn rẹ̀ kí oòrùn lè ráyè wọlé, mo sì lọ wẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa dé, àgbébọ̀ adìẹ kan ti wọ inú rẹ̀, ó ti sàba. Ó jọ pé òun náà gbà pé ibẹ̀ móoru. Dípò kí n fara balẹ̀ gbé e jáde, mo na ìgbálẹ̀ sí i. Adìẹ fò, ìyẹ́ rẹ̀ gbá gílóòbù ńlá kan, gílóòbù fọ́ wẹ́wẹ́.

Ká ní tèmi ni ámúpù náà, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní gìtá ló ni ín. Nígbà ayé wọn, òun ni ẹgbẹ́ orin wọn fi ń ṣeré láti Ìkọ̀lé dé Ìdó, èmi ni mo sì máa ń bá wọn gbé e, nítorí ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ọ̀gá kú, ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, fa ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́ kí n máa lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Ohun kan péré ni Màmá béèrè: lọ́dọọdún, níbi ìsìn ìrántí ọkọ wọn, kí n ta orin ìyìn tí ọkọ wọn fẹ́ràn jù, kí àwọn tún gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n á jókòó ní àga iwájú, wọ́n á dijú. Lọ́jọ́ tí adìẹ fò yìí, ìrántí ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo wá gílóòbù kiri. Ní Ìkọ̀lé, kò sí. Ní Adó, ẹni tí mo bi léèrè mú gílóòbù iná ilé wá fún mi, ó sì bínú nígbà tí mo kọ̀ ọ́. Ìgbà tó yá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin kan n'Ìbàdàn, bá mi rí ògbólógbòó kan, ó sì mú un wálé fúnra rẹ̀. A fi sí i, ẹ̀rọ fọhùn, àmọ́ ó ń mí bí aláìsàn.

Ọmọ náà tẹ́tí sí i títí. Ó ní, "Ọ́ńkù, gílóòbù yìí ò ní pẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú ohùn yìí kó tó kú." Ó yọ àpótí irin kékeré kan nínú báàgì, kò ju búrẹ́dì kan lọ, ojú rẹ̀ ń tàn bí ti fóònù. Kò sí gílóòbù nínú rẹ̀, kì í gbóná, ọwọ́ kan ló fi gbé e. Ó ní oríṣiríṣi ámúpù ló wà níbẹ̀, pé ìṣirò ni gbogbo wọn.

"Ìṣirò ń kọrin?"

"Ó ń kọrin dáadáa, Ọ́ńkù."

"Ìṣirò kan náà tí mo máa ń gba òdo nínú rẹ̀?"

"Bóyá ẹ ò fetí sí i nígbà yẹn ni."

Ó so wáyà àpótí mọ́ ẹ̀rọ ọ̀gá mi, ó ní kí n dákẹ́. Ohun tí mo gbọ́ kọjá àfẹnusọ. Ẹ̀rọ náà súfèé, ó hó bí omi inú ìkòkò, ó ké bí ọ̀pọ̀lọ́, ó tún wá ń rọ̀ bí òjò lórí páànù. Mò ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ògiri. Lójú mi, ohùn ọ̀gá mi ni wọ́n ń fà yọ báyìí, tó bá sì tán, ámúpù á ya odi.

"Níbo ló ń kó ohùn náà sí?" ni mo bi í.

"Kò kó nǹkan kan, Ọ́ńkù. Ó ń kọ́ bí ẹ̀rọ yìí ṣe máa ń yí ohùn padà ni. Ṣé ẹ rí ọmọ tó ń sín baba rẹ̀ jẹ? Ohùn baba ò sọnù."

Ó wá ní kí n kọjú sógiri, pé òun á ta gìtá lẹ́ẹ̀mejì, kí n sọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀gá. Àkọ́kọ́ kún, ó sì ń há díẹ̀ bí ọ̀fun àgbàlagbà nígbàkigbà tó bá tẹ okùn gidi. Mo ní, "Èyí àkọ́kọ́ ni! Agolo lásán ni èkejì." Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ náà ti fọwọ́ bo ẹnu. Àpótí ni àkọ́kọ́. Ámúpù ọ̀gá mi ni mo pè lágolo. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà, orí àgbà ló wọ́, ọmọ tuntun ló ń bá a tún un ṣe.

Ní Sátidé tí ìrántí ku ọ̀la, gílóòbù kú. Mo figbe ta: "Mo sọ bẹ́ẹ̀! O ti fa ohùn rẹ̀ tán!"

"Ọ́ńkù, gílóòbù tó dàgbà jù yín lọ ni. Ẹ lọ sọ fún Màmá. Wọn ò ní jẹ yín."

Mo lọ lóòótọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo padà. Ta ni yóò wojú opó kó sọ pé adìẹ ló pa ohùn ọkọ rẹ̀? Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo gbé òkú ámúpù sí ibi tó máa ń wà, mo fi àpótí pamọ́ sẹ́yìn òdòdó, ọmọ náà sì so ó mọ́ àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ohùn jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ta orin náà. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Màmá dijú bí ìṣe wọn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo wákàtí méjì. Bí ìsìn ti parí, Màmá pè mí sídìí máńgòrò.

"Uṣẹ́ rẹ dáa lónìí," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ẹ̀rọ ọkọ mi kọ́ lo fi ṣe é."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àtoòrùn àtadìẹ. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi etí ìró nu ojú. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀, ṣé ó ń dún bí agolo ni. "Rárá o," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rọ yẹn máa ń kùn bí ológbò kó tó sọ̀rọ̀. Tòní dákẹ́ ṣíí."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àpótí ni mò ń lò lọ́jọ́ Ìsinmi, ámúpù wà ní yàrá mi, ó sì ti rí gílóòbù mìíràn. Nígbà mìíràn tí ọmọ náà bá wálé, mo ṣì máa ń kọjú sógiri kó dán mi wò. Mo máa ń mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan, mo máa ń ṣì í lọ́jọ́ kejì, n kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ lórí èwo ló dáa jù, nítorí kí n tó dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo tún bi Màmá bóyá wọ́n tiẹ̀ gbọ́ ọkọ wọn rárá.

"Mo gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Ohùn rẹ̀ ni. Àmọ́ ọkọ mi kì í sáré nídìí orin yẹn. Ìwọ ń sá lọ ṣáá. Ta ló ń lé ọ?"