Ìyẹ́ Adìẹ àti Etí Ajá Mi

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń yẹ etí ọmọ ọlọ́mọ wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Òṣòdì, bí àwọn ọmọ bá ti kọrin tán, wọn á tò, èmi á sì máa tẹ etí wọn síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lè gbójú fo èékánná, mo lè gbójú fo aṣọ tí wọn kò lọ̀, ṣùgbọ́n etí tó dọ̀tí kì í mú un jẹ lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó bá sì ṣorí kunkun, òwe kan ṣoṣo ni mo máa ń pa fún un: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Wọ́n mọ òwe náà ju àdúrà òwúrọ̀ lọ.

Nígbà tí owó epo gbòde, tí katakata ń hú ilẹ̀ káàkiri, tí eruku pupa kò jẹ́ ká lè sá aṣọ síta ní Ìsọlọ̀ mọ́, ọlọ́dẹ kan ní ibùdó àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọ̀nà ní Apakun fún mi ní ọmọ ajá kan. Ajá òyìnbó ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ajá ilé lásán. Ara ìyá ló gbé wá, ṣùgbọ́n etí bàbá ló ní, etí gbọọrọ tó ṣubú bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ewé kókò. N kò fẹ́ ajá tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí n kò fi lè jẹun láìju nǹkan sí i. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí mo dé kọ̀rọ̀ ilé wa, màá súfèé lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó kó ètè mi jọ, ó ti dé ẹsẹ̀ mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, kò sí èyí tó sáré pàdé mi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ọmọdé ń sá fún ni mí, mo mọ̀.

Ajá tí etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Etí ajá tèmi kò rí afẹ́fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí, òórùn kan sì ń jáde níbẹ̀ bí omi ògì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú etí náà, ó yọ eégbọn méjì, ó sì fún mi ní oògùn tí màá máa kán sí i.

“Ọ̀gá, ẹ fi òwú wé orí ìka yín,” ló wí, “kí ẹ nu ibi tí ojú yín bá tó. Bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́, ẹ rí i pé etí yẹn gbẹ. Ibi tí ojú yín ò bá tó, ẹ má dé ibẹ̀ o.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tó yá, bí ajá náà bá ti rí òwú lọ́wọ́ mi, á wá gbé orí lé itan mi, á yí etí kan sókè. Bí mo bá parí èyí, á yí ìkejì fún mi. Etí náà gbẹ, òórùn náà sì lọ.

Òjò dé, òórùn náà padà. Ó yẹ kí n padà sọ́dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n inú ló bí mi, bí ẹni pé ajá náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí mi ni. Mo ní kí ni ọmọ àná yẹn mọ̀? Nílé wa ní Èkìtì, ìyẹ́ adìẹ ni bàbá mi fi ń ro etí. Á tẹ̀ ẹ́ bọ àdín, á máa yí i nínú etí, á di ojú pẹ̀lú ìgbádùn. Ó fi ro tiwa náà, a kò sì dití. Mo wá ìyẹ́ adìẹ, mo bu àdín. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Dádì, dókítà ní ẹ má ki nǹkan bọ̀ ọ́ létí o.”

“Màmá, ta ló ń kọ́ ta ní ìmọ́tótó nínú ilé yìí?”

Ó dorí kodò, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ajá náà gbé orí lé itan mi bó ti ń ṣe. Ohun tí ìyẹ́ náà kọ́kọ́ mú jáde dúdú bí ọ̀dà, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Mo tì í wọlé sí i. Ó ké, mo ní, “Dúró jẹ́ẹ́,” pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń bá ọmọ ilé ìwé wí. Ó dúró. Ì bá bù mí jẹ, ì bá sàn fún àwa méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu ìyẹ́ náà, mo ní èépá ni. Lẹ́yìn náà, ó yí etí kejì fún mi, mo sì ro ìyẹn náà. Èyí ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ àìmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kan ìkejì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó. Dókítà wo etí méjèèjì, ó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

“Ọ̀gá, ta ló ki nǹkan bọ̀ ọ́ létí?”

“Àwọn ọmọ ni,” mo dáhùn. “Ẹ mọ bí ọmọdé ṣe ń ṣeré.”

Èmi tí mo ń na ọmọ nítorí irọ́. Ajá náà fara ti ẹsẹ̀ mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń pa irọ́ náà. Dókítà ní awọ inú etí méjèèjì ti ya, pé bóyá ọ̀kan á jinná. Kò sí èyí tó jinná. Ọyún wọ̀ ọ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí ọyún fi gbẹ, ṣùgbọ́n ìgbọ́ràn kò padà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́gbà, mo súfèé. Kò yíjú. Mo tún súfèé, mo tún súfèé, títí ìyàwó mi fi sọ láti ilé ìdáná pé, “Ó tó, Dádì.” Kò sọ fún mi pé òun ti kìlọ̀. Èmi ni ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, tó di ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọmọ kan ṣe agídí lórí ìlà, mo sì ti la ẹnu, “Ajá tó máa…” Àwọn ọmọ rò pé mo fẹ́ kí wọ́n bá mi parí rẹ̀ ni. Gbogbo wọn parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn gba pápá. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún igbákejì mi, mo wọ ọ́fíìsì lọ jókòó. N kò yẹ etí ọmọ kankan wò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, òwú wà lọ́wọ́ mi nítorí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ mi kan. Ajá náà rí i. Ó dìde láti ibi tó sùn sí, ó wá gbé orí lé itan mi, ó di ojú. Mo nu ibi tí ojú mi tó. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, ó yí ìkejì fún mi.