Ọ̀gá Tó Ń Kúnlẹ̀ Kí Ọmọ Abẹ́ Rẹ̀

Bí ẹ bá bi mí pé ta ni ọ̀gá ilé ìfọṣọ wa ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Bìní lọ́dún 1981, ó yẹ kí ó rọrùn fún mi láti dáhùn. Inú ibẹ̀ ni mo máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èmi ni mò ń lọ aṣọ. Ọláfúnkẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà nínú ọdún náà tí àwa tí a jọ wà níbẹ̀ kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ mọ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ bóyá òun ṣì ni. Gbogbo rẹ̀ dà rú mọ́ wa lójú bí ìgbà tí èèyàn rẹ aṣọ funfun pọ̀ mọ́ aláró.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Ọláfúnkẹ́. Ọkọ rẹ̀, Ògúnwálé, ló mú un wá sí Bìní lẹ́yìn tí ogun parí, nítorí lọ́rì agbégẹdú ni Ògúnwálé ń wà. Apá New Benin ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo tí àwọn àti ọmọ kún fọ́fọ́. Ọṣẹ ló kọ́kọ́ ń tà ní ọjà Ekiosa kí ó tó wá bá wa fọṣọ. Ìyá Kíkẹ́ ni a ń pè é, nítorí Kíkẹ́lọmọ ni àkọ́bí rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá. Bí ó bá rí iṣẹ́ nílẹ̀, kì í bèèrè ẹni tó ni ín, yóò kàn kì í mọ́lẹ̀ ni. Ohun tí máníjà wa àtijọ́ rí nìyẹn tó fi ní kí ó máa ṣe olórí wa. Inú wa dùn sí i. Comfort, ọmọ Ẹ̀dó tó ń ṣan aṣọ, tó gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi bú èèyàn, ní, "Ọ̀gá tí kì í pariwo, ó dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru mi."

Àlèébù Ìyá Kíkẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kò mọ èèyàn rán níṣẹ́. Bí ó bá ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé agbọ̀n yẹn," kí o tó nà tán láti dìde, òun fúnra rẹ̀ ti gbé e. A kò kà á sí. Ta ló máa bínú pé wọ́n bá òun gbé ẹrù?

Lẹ́yìn náà ni Olúrẹ̀mí dé. Àbúrò Ògúnwálé ni, ọmọ ìyá kan náà. Lọ́dún tí wọ́n gbé Ọláfúnkẹ́ wọlé ọkọ, ọmọdébìnrin ni Olúrẹ̀mí, tó ń sáré kiri àgbàlá láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọkọ ni. Ọláfúnkẹ́ kò gbọdọ̀ pe orúkọ mọ́ ọn lórí, Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè é. Nígbà tí ọmọ náà jáde ìwé mẹ́wàá tí kò ríṣẹ́ nílé, Ògúnwálé ní kí ó máa bọ̀ ní Bìní, ó sì bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó fi í sí abẹ́ ara rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Kò bá wọn gbé, yàrá wọn kò gbà á. Ọ̀dọ̀ àǹtí wọn kan nítòsí ọjà Oliha ló ń sùn. Ilé ìfọṣọ ni òun àti ìyàwó wọn ti ń kọ́kọ́ ríra lójúmọ́.

Báyìí ni ó ṣe máa ń rí láràárọ̀. Olúrẹ̀mí á ti jókòó sórí agbọ̀n, yóò máa jẹ àgbàdo àti ẹ̀pà. Ìyá Kíkẹ́ á wọlé, á sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, á sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ìdílẹ̀kẹ̀ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́, Ìyàwó. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ń kí yín."

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Kíkẹ́ á dìde, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti Olúrẹ̀mí. Ọmọ náà kò burú o. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ ni, òun náà kò sì rán ara rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni máníjà wa àtijọ́ lọ sí Wáárì, tí wọ́n gbé tuntun wá. Ọ̀gbẹ́ni Osarenkhoe ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bìní pọ́ńbélé, tó ti ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó. Kò fi tó ẹnikẹ́ni létí, ó kàn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Kíkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀. Máníjà wò ó, ó wo Olúrẹ̀mí tó ń jẹ àgbàdo lórí agbọ̀n, ó mi orí, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá ti ọ́fíìsì wá, Olúrẹ̀mí ni wọ́n ń pè. "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n tètè gbé tówẹ̀lì wá." "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ pé aṣọ yàrá ìsàlẹ̀ ń rùn." Olúrẹ̀mí á wá, á ní, "Ìyàwó, ọ̀gá ní kí a tètè gbé tówẹ̀lì." Ìyá Kíkẹ́ á ní, "Ẹ ṣeun, Ìdílẹ̀kẹ̀ mi," á sì gbé tówẹ̀lì lọ fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wa.

"Ìyá Bọ́lánlé," Comfort pè mí lọ́jọ́ kan bí mo ṣe ń lọ aṣọ, "ṣé wọ́n ti yọ ọ̀gá wa ni, àbí báwo?"

"Ṣé mo mọ̀ ni?"

"Ìwọ kúkú ni ọmọ Yorùbá."

"Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá."

"Bí ọṣẹ bá tán báyìí, ta ni kí n sọ fún?"

"Sọ fún àwọn méjèèjì."

"Bí kálukú bá wá sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ńkọ́?"

"Máa fi omi lásán fọ̀ ọ́ nígbà yẹn."

Comfort rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bi Ìyá Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí a jọ ń dúró de takisí.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ó lè jẹ́ pé máníjà ti gbé ipò náà fún Ìdílẹ̀kẹ̀ mi. Ó kàwé jù mí lọ."

"Ẹ ò ṣe bi máníjà?"

"Kí n ní kí ni? Pé mò ń bá ọkọ mi du oyè? Kí ìyẹn dé Ìkàrẹ́, kí ìyá ọkọ mi gbọ́?"

Mo wá bi Olúrẹ̀mí. Òun ní, "Ṣebí ọ̀gá kàn ń rán mi ni, Ìyá Bọ́lánlé. Mo rò pé torí pé èmi ni mo kéré jù ni." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Máníjà rò pé ó ń bá olórí sọ̀rọ̀, Olúrẹ̀mí rò pé wọ́n ń rán òun bí ọmọdé, Ìyá Kíkẹ́ rò pé wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ òun. Kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan, máníjà pe Olúrẹ̀mí. Ó ní àwọn dókítà láti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní Tọ́sìdeè, kí wọ́n fọ gbogbo bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun ti àwọn yàrá òkè, kí wọ́n lọ̀ wọ́n, pẹ̀lú aṣọ tábìlì gbọ̀ngàn. Olúrẹ̀mí jẹ́ iṣẹ́ náà o, a kò lè purọ́ mọ́ ọn. Bí ó ṣe jẹ́ ẹ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

"Ìyàwó, àwọn dókítà kan ń bọ̀ o."

"Ọlọ́run á mú wọn dé láyọ̀, Ìdílẹ̀kẹ̀ mi."

Ó parí.

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, máníjà wọlé. Àwọn ṣíìtì tuntun ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó dojú kọ Olúrẹ̀mí.

"Olórí ilé ìfọṣọ, iṣẹ́ tí mo rán ọ dà?"

Olúrẹ̀mí wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí. "Èmi kọ́ ni olórí, sà."

"Ta wá ni?"

Olúrẹ̀mí wo Ìyá Kíkẹ́. Ìyá Kíkẹ́ ti kúnlẹ̀, ó ń pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ẹ má bínú sí i, sà. Ọmọdé ni, sà."

"Ṣé ẹni tó máa bẹ̀ mí ni mò ń bèèrè? Na who be head for here?"

Ẹnu mi ń yún mi láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní Ìyá Kíkẹ́ ni, tó wá jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ lóòótọ́ ńkọ́? Máníjà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wo àwọn wèrè. Ó ní, "Ọ̀sán ọ̀la ni àwọn àlejò ń wọlé. N ó wá síbí kí wọ́n tó dé. Bí mi ò bá bá ṣíìtì lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mi ò sì bá ẹnì kan tó lè la ẹnu pé òun ni olórí ibí, àwọn afọṣọ ìta ni n ó gbé iṣẹ́ yìí fún. Gbogbo yín á máa lọ sílé."

Bó ṣe jáde ni Ìyá Kíkẹ́ fò dìde. Ó ń fi eyín fa ọ̀rá ya, ó ń da ṣíìtì sínú omi, ó ń sáré lọ tan iná sí omi gbígbóná, ó ń sáré padà wá po ọṣẹ. Òun nìkan. Àwa dúró, a ń yà fún un bí ó ṣe ń kọjá. Olúrẹ̀mí jókòó sórí agbọ̀n, ó ń sunkún.

Mo ní, "Ìyá Kíkẹ́, bí ẹ bá dá a ṣe, ilé la máa wà ní ọ̀la."

Ó dúró. Omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wo gbogbo wa, ó wá rìn lọ bá Olúrẹ̀mí, ó sì kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ tó wà nílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni.

"Ìdílẹ̀kẹ̀ mi," ó ní pẹ̀lú ohùn kékeré rẹ̀ yẹn, "mo kúnlẹ̀. Ẹ dìde kúrò lórí agbọ̀n. Ẹ kó ohun tí Comfort bá ti ṣan sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e fún Ìyá Bọ́lánlé. Bí ó bá ti lọ̀ ọ́ tán, ẹ gbé e lọ sókè, kí ẹ tẹ́ ẹ. Ẹ ò gbọdọ̀ jókòó títí n ó fi ní kí ẹ jókòó. Ṣé ẹ gbọ́?"

Olúrẹ̀mí nu ojú. "Mo gbọ́, Ìyàwó."

"Ẹ ṣeun. Ó yá."

Ó sì dìde, ó kọjú sí wa. Ó ní kí Comfort máa ṣan aṣọ nìkan. Kí n má dúró de oòrùn, òjò ti ṣú, kí n máa fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní tútù títí yóò fi gbẹ. Mo bèèrè nípa aṣọ tábìlì.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní.

"Máníjà ní a gbọdọ̀ fọ̀ ọ́."

"Èyí tó wà lórí tábìlì mọ́ díẹ̀. Kò sí dókítà tó máa sùn sórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀dì ni kí a kọ́kọ́ ṣe."

A ṣe é títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, a sì padà dé kí àkùkọ tó dákẹ́ láàárọ̀. Ìgbà mélòó kan ni mo rí ọwọ́ Ìyá Kíkẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ẹlòmíì, tó sì fà á padà, tó ní, "Comfort, yí èyí padà, ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀." Ó ń ṣe é bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Olúrẹ̀mí ń gun àtẹ̀gùn lọ, ó ń gun ún bọ̀, kò jókòó.

Máníjà dé. Ó ti kọ́kọ́ lọ sókè lọ wo àwọn yàrá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa.

"Ta ni olórí níbí?"

Olúrẹ̀mí wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ìyá Kíkẹ́ wo ọkọ rẹ̀ kékeré yẹn, ó wá wo máníjà.

"Èmi ni, sà."

"Aṣọ tábìlì dà?"

"A ò fọ̀ ọ́, sà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí bẹ́ẹ̀dì lè pé. Bí ẹ bá máa lé èèyàn, èmi ni kí ẹ lé."

Máníjà tọ́ka sí Olúrẹ̀mí. "Ìwọ ni olórí, o wá ń kúnlẹ̀ fún èyí láràárọ̀?"

"Ọkọ mi ni, sà."

Ó wo Olúrẹ̀mí láti orí dé ẹsẹ̀. Comfort ló fi èdè Ẹ̀dó ṣàlàyé fún un, àlàyé náà sì gùn gan-an. Máníjà ní kí ó tún un sọ. Máníjà wá ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí àgbà bá kúnlẹ̀ fún kì í ṣe èèyàn kékeré, òun ti rò pé Olúrẹ̀mí ni ọ̀gá, tàbí ìyàwó olóyè kan. Ó mi orí lọ́nà tó fi hàn pé kò tíì yé e. Ṣùgbọ́n kò pe àwọn afọṣọ ìta.

Kò yé èmi náà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni Ìyá Kíkẹ́ tún fi ṣe ọ̀gá wa, tó sì ń kúnlẹ̀ kí Olúrẹ̀mí láràárọ̀ kí ó tó pín iṣẹ́ fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ìkúnlẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, tàbí ọ̀rọ̀ náà ì bá wọlé láìsí i. Comfort ní bákan náà ni. Èmi ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣàlàyé.

Ní ọjọ́ kejì tí àwọn dókítà dé, ẹnì kan ti ọ́fíìsì wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní máníjà fẹ́ rí ọ̀gá ilé ìfọṣọ. Gbogbo wa yíjú sí Olúrẹ̀mí, nítorí ó ti mọ́ wa lára pé òun ni wọ́n ń pè. Olúrẹ̀mí kò gbé ojú kúrò nínú báfù tó ń fọṣọ nínú rẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ sí Ìyá Kíkẹ́.