Ìkúnlẹ̀ Tó Jẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Mi, Tó sì Di Ìpolówó Wọn

Wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé mo kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, wọ́n sì mú ìkúnlẹ̀ kan náà, wọ́n fi ń polówó ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bajulaiye ni, ní Ṣómólú, níbi tí òórùn íǹkì ìtẹ̀wé ti máa ń wọ inú aṣọ tí a bá sá sórí okùn, tí aṣọ á sì gbẹ tòun tòórùn náà. Yàrá mi wà lókè ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, omi inú ife mi a máa gbọ̀n. Mo kàwé gboyè nínú èdè Yorùbá ní yunifásítì, mo sì ti rìn láti Bàrígà títí dé Ìgbóbì tí mò ń wá iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwé kan lẹ́yìn òmíràn ń sọ fún mi pé àwọn kì í kọ́ Yorùbá mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ orí ayélujára kan gbà mí pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé òkè òkun, mo jó nínú yàrá mi. Mi ò purọ́, mo jó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ni lórí fóònù rí mọ̀ pé ìpè fídíò kì í ṣe ká kàn tẹ nǹkan ká máa sọ̀rọ̀. Tí fóònù bá wà nísàlẹ̀, ihò imú olùkọ́ nìkan ni àwọn ọmọ á máa wò. Mo gbé tèmi lé orí ìwé atúmọ̀ èdè méjì àti agolo mílíìkì, mo fi rọ́bà dè é. Mo kọ́kọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dúró sí, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi sọ ojú mi di dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yí tábìlì padà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sá lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni gbogbo rẹ̀ wá bára mu, ibẹ̀ ni mo sì jókòó sí.

Ọ̀gá wa, obìnrin tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, pè mí lórí fídíò kó lè yẹ yàrá mi wò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní Fola Agoro kò jìnnà sí mi rárá, ó lè fẹsẹ̀ rìn wá, ṣùgbọ́n inú fóònù ló ti yẹ̀ mí wò.

“Kí ni mò ń wò lẹ́yìn rẹ yẹn?”

“Kàlẹ́ńdà ni, mà. Ti mọ́ṣáláṣí àwọn onílé wa ni.”

“Yọ ọ́. Aṣọ funfun ni kó o ta síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí òbí kankan mọ ibi tó o wà. Ilé ẹ̀kọ́ wa ò ní àdúgbò.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ó tún ka òfin fún mi: ohùn ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ inú kíláàsì, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ kúrò lójú kámẹ́rà nígbà kankan. Ó ní gbogbo kíláàsì ni àwọn máa ń gbà sílẹ̀, kí òbí tó bá fẹ́ lè tún un wò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kò sọ pé àwọn máa fi ṣe nǹkan mìíràn.

Mo yọ kàlẹ́ńdà. Mo ta aṣọ funfun. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá atẹ̀wé pé kó bá mi máa pa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé.

“Tíṣà, kí n paṣẹ́ tì kí àwọn òyìnbó lè gbọ́ Yorùbá?”

“Wọn kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ wa ni wọ́n.”

“Ọmọ wa tó ń gba lẹ́sìn kó tó lè sọ pé ẹ káàárọ̀!” Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, màá pa á, màá máa to ìwé.” Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe. Tí mo bá ti fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò lè bá ṣe irú àdéhùn yẹn ni ìyá onílé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Alhájà. Ilẹ̀ bàbá wọn ni ilé náà wà, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí kí ó tó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Alhájà kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti orí àtẹ̀gùn ni a ó ti máa gbọ́ sálúbàtà wọn àti ohùn wọn, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣí omi sílẹ̀, wọ́n á sì ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Àwọn ayálégbé mìíràn ń kùn. Ní tèmi, tí ìyá mi ti kú, ara mi máa ń balẹ̀ tí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí láìkàn.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, ìkíni ni iṣẹ́ wa. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí ìyá bàbá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Tí wọ́n bá ti pe ara wọn, bàbá ọmọ náà ló máa ń túmọ̀ fún tọ̀tún tòsì. Ó ti sọ fún mi pé òun fẹ́ fẹnu ara òun kí ìyá àgbà náà, kí bàbá òun má dá sí i. Mo ti ṣèlérí fún un pé á ṣeé ṣe. Mo ń ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó nawọ́.

“Àǹtí, tí mo bá kúnlẹ̀, màmá àgbà ò ní rí mi mọ́ nínú fóònù. Ṣé mo ṣì máa kúnlẹ̀?”

Ìbéèrè gidi ni. Mo ṣì ń ronú ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Alhájà wọlé pẹ̀lú àwo mọ́ínmọ́ín. Orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rántí kámẹ́rà. Ohun tí àwọn ọmọ náà rí ni àga òfìfo àti aṣọ funfun. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni, “Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ kú ìrìn, mà,” àti Alhájà tó ń dáhùn pé, “Òo, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńkọ́? Ara ńkọ́? Ṣé o ti jẹun? O kàn ń bá fóònù jà látàárọ̀.”

Ni Alhájà bá tẹ̀ síwájú wo inú fóònù. “Àwọn ọmọ ta ni wọ́n kó sínú ibí yìí? Wo èyí tó wọ kóòtù nínú ilé! Ṣé òtútù ń mú ọ ni?”

Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Orí rẹ̀ wọlẹ̀, ó ku ẹ̀yìn àga rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù lójú kámẹ́rà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó ti ya. Gbogbo fóònù mi di àga òfìfo, ohùn kéékèèké sì ń jáde láti abẹ́ rẹ̀: ẹ kú ọ̀sán, mà. Alhájà pa àtẹ́wọ́. “Ibo lọmọkùnrin yẹn wọlẹ̀ sí? Ẹ dìde o, ẹ dìde, ẹ máa dàgbà.” Wọ́n ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè ìlú tí oníkálukú ti wá, wọ́n sì fún àwọn tí kò ní oríkì ní oríkì. Àkókò kíláàsì kọjá. Nísàlẹ̀, atẹ̀wé rò pé a ti parí, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin yẹn sì sọ fún mi pé òun ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí. Kò ní kí n jókòó.

“O kúrò lójú kámẹ́rà.”

“Àgbà ló wọlé, mà.”

“Ṣé kámẹ́rà ò tó àgbà ni? Ilé ẹ̀kọ́ ni mo gbà ọ́ sí, mi ò ní kó o ṣílé fún ará àdúgbò. Òbí ti fẹjọ́ sùn.”

Mo béèrè òbí wo. Ó ní kò kàn mí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n dágbére fún àwọn ọmọ náà. Ó ní olùkọ́ tuntun ti gba kíláàsì. Bí mo ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Òfin ni wọ́n ní mo rú, ó sì wà nínú òfin lóòótọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ̀wé pariwo láti ìsàlẹ̀: “Tíṣà, ẹ wá wo Alhájà wa!” Inú fóònù rẹ̀ ni Alhájà wà, tí wọ́n tẹ̀ síwájú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ṣàdúrà. Ọwọ́ mi nìkan ló hàn nínú rẹ̀, lórí etí àga. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló fi kíláàsì wa ṣe ìpolówó. Wọn ò yọ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò, ṣe ni wọ́n tilẹ̀ gbé e sókè. Wọ́n wá kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kí àwọn òbí wá kọ́ ọmọ wọn ní Yorùbá láti inú ilé àti àdúgbò Yorùbá gan-an. Àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ò ní àdúgbò!

Mo pe ọ̀gá náà. “Inú kíláàsì wa ló ti ṣẹlẹ̀,” ó wí, “tiwa ni.” Ó sì pa fóònù. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí: nígbà tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni mo ni ín. Nígbà tó di ẹwà, ó di tiwọn.

Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Alhájà ní Ìyá Fóònù. Àkọ́bí Alhájà gòkè wá bi mí pé èló ni mo tà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Alhájà fúnra wọn wá.

“Ṣé ìwọ lo mú mi fún wọn?”

“Rárá, mà. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Inú yàrá rẹ kọ́ ni?”

“Inú yàrá mi ni, mà.”

“Ó dáa,” ni Alhájà wí, wọ́n sì fara balẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Alhájà ti ń kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n á kàn án, wọ́n á dúró síta, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá wá, wọ́n á sì yí padà bí àlejò. Bí mo bá kúnlẹ̀, wọ́n á dáhùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní béèrè bóyá mo ti jẹun. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ yẹn ni pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ máa ń kúrò lójú, kò sì burú, nítorí kì í ṣe torí kí wọ́n lè rí i ló ṣe kúnlẹ̀. Ó yé ọmọ kékeré. Kò yé ilé ẹ̀kọ́ tó ń tà á.

Mò ń bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ẹ̀kọ́ náà: òbí wo ló fẹjọ́ mi sùn? Ìgbà wo lẹ béèrè lọ́wọ́ Alhájà kí ẹ tó gbé ojú wọn káàkiri? Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́, ṣé ó ti kí ìyá àgbà rẹ̀, àbí olùkọ́ tuntun ti sọ fún un pé kó má kúrò lójú kámẹ́rà? Mo ti dá kàlẹ́ńdà padà sára ògiri, ẹ kò sì lè sọ pé ẹ ò mọ ilé náà, nígbà tí ẹ ti fi han gbogbo ayé. Ẹ wá sí Bajulaiye. Ẹ sọ fún Alhájà lójú mi pé ẹ̀yin ni, kì í ṣe èmi. Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ kúnlẹ̀.