Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Mi Sọ Nínú Lasipíkà

Bí mo bá gbóòórùn epo jẹnẹrétọ̀, ọ̀rẹ́ mi, iwájú ilé ìyá àgbà ní Ifẹ̀ ni mo máa ń rántí. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú bàbá mi gbé lasipíkà àti jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ sí lọ́sàn-án ọjọ́ ìpolongo kan, tí eruku bo gbogbo wa, tí orin gba àdúgbò kan. Bàbá mi gba maiki, orí rẹ̀ wú, ló bá pariwo pé ẹnikẹ́ni tó bá dìbò fún ẹgbẹ́ kejì, ọmọ àlè ni. Àwọn èèyàn hó yèè. Háà! Àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyá ọmọ bàbá rẹ̀, ẹgbẹ́ kejì yẹn gan-an ló wà, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀.

Ìyá àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ọ kedere. Nígbà tí bàbá mi wọlé, wọ́n kàn bi í pé, "Ta ni mo wá bí àbúrò ẹ fún?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Ìyá, òṣèlú lásán ni."

Wọ́n ní kó padà síbi tó ti sọ ọ́, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lójú gbogbo ayé. Ó kọ̀. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò pé ọdún méjì tí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ méjèèjì para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń dì mọ́ra lórí tẹlifíṣọ̀n bí ìbejì. Inú ìyá àgbà dùn débi pé àánú wọn ṣe mí. Wọ́n rán mi sí Ẹdúnàbọ̀n kí n lọ pe àbúrò bàbá mi wá, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè bẹ̀ ẹ́ níwájú ẹbí. Ó wá lóòótọ́. Ó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ tuntun, níbi tí wọ́n ti ń pín ipò.

Ìyá àgbà ò pẹ́ kú lẹ́yìn ìyẹn. Létí ibojì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Àbúrò bàbá mi fà sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọkọ sin ìyá rẹ̀."

Ló bá gba ọ̀nà ilé lọ. Gbogbo wa ń wo bàbá mi. Ó dá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́.

Ìṣọ̀kan tí àwọn olóṣèlú ń pariwo ti sú mi pátápátá. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà tiwọn; àwa tí wọ́n fi jà ni wọn ò kọ́. Títí dòní, inú ẹgbẹ́ kan náà ni bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ wà, ẹnì kan náà ni wọ́n sì ń dìbò fún. Wọn ò kí ara wọn rí láti ọjọ́ ìsìnkú.